Àyẹ̀wò Àwọn Olùwádìí Inísà

Kò sí olùwádìí kan tó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì jẹ́ kó le gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa, wọn ì bá ti mú onírọ́, wọn ì bá bá a wí, kálukú ì bá sì gba ilé rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ, òótọ́ náà ni wọ́n sì fi kó ara wọn sí wàhálà.

Ní ọdún 1989, àjọ kan ní Ìbàdàn kó àwọn ará ìlú mẹ́ta jọ, Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, pé kí wọ́n máa ṣèwádìí ara wọn. Ẹgbẹ́ Olùwádìí Ìgbèríko ni wọ́n sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ń wádìí, ìyẹn sòbìà, àrùn kòkòrò tó ń tinú omi mímu wọ ara: ẹsẹ̀ ta ni kòkòrò náà ti ń yọ, omi wo ni onítọ̀hún ń mu, oko ta ni igbó ti bò nítorí pé olóko ò lè dìde. Àwọn ọ̀gá àjọ náà ti kọ́gbọ́n. Wọ́n ti rán àwọn ọmọ yunifásítì wá nígbà kan rí, àwọn ará ìlú sì kí wọn dáadáa, wọ́n gúnyán fún wọn, wọ́n sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀, wọn ò sì sọ nǹkan kan fún wọn. Ará ilé ni kó wádìí ará ilé, ni àwọn ọ̀gá wí.

Ìkìrun mú àwọn tíṣà. Òkukù mú àwọn àgbẹ̀. Inísà mú àwọn ìyàwó ilé, nítorí pé àwọn ló ń pọnmi, àwọn náà ló ń wẹ egbò, kò sì sí ẹsẹ̀ tó ń dunni nínú agboolé tí ìyàwó ilé ò mọ̀. Ẹni tó yàn wọ́n ni Felicia, tíṣà kan láti Ìkìrun, tó jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ náà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní agboolé Alágbẹ̀dẹ, ìyàwó mẹ́ta ló mú: Jọkẹ́, Àyìnkẹ́, àti Àtọ́kẹ́ tó kéré jù nínú wọn, ìyàwó Àjàní káfíńtà.

Àtọ́kẹ́ ò torí àpọ́nlé gba iṣẹ́ náà. Lọ́dún tó ṣáájú, sòbìà yọ sí i lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ló fi ń wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹlòmíràn ló ń gbé Ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ wá bá a pé kó fún un lọ́mú. Ẹ̀bùn ti wá já lẹ́nu ọmú báyìí. Omi ìsun ẹ̀yìn ìlú tí gbogbo agboolé ń mu lòun náà ti ń mu, tí ìyá rẹ̀ bá sì ti rí i pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lẹ́nu, ọkàn rẹ̀ á bà jẹ́. Nígbà tí Felicia sọ nípàdé pé agboolé tí wọ́n bá ti rí alárùn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni àjọ máa gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí, Àtọ́kẹ́ ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Felicia ṣe òfin méjì fún wọn. Àkọ́kọ́, kí olùwádìí kọ̀ọ̀kan máa wá jábọ̀ fún òun lọ́tọ̀, kí ẹnì kan má fetí sí ti ẹnìkejì, kí wọ́n má baà máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Èkejì, kí gbogbo alárùn ní orúkọ. Lóṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n mú “Ìyá” àti “Bàbá” wá, kò gbà á. Ó ní Ìyá kún gbogbo ilé, kí wọ́n lọ mú orúkọ wá.

Ẹni tó bá ti gbé ilé ọkọ rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyàwó ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé lónìí. Orúkọ mìíràn ni yóò fún onítọ̀hún, tí yóò sì máa fi pè é títí ayé: Ìbàdíàrán, Ẹyinfúnjowó, Ajíṣefínní. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ tirẹ̀. Dàmọ́lá, ọmọ kíláàsì karùn-ún, ọmọ àbúrò bàbá Àjàní, Akọ́wé ni lẹ́nu Àtọ́kẹ́ nítorí pé ó mọ̀wé, Adúmáadán ni lẹ́nu Jọkẹ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni lẹ́nu Àyìnkẹ́. Ọmọ náà ń jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Àwọn àgbà ilé ńkọ́, àwọn tó bí ọkọ ẹni àtàwọn ẹgbẹ́ wọn? Ta ló tó sọ wọ́n lórúkọ eré? Ìyá ni Ìyá, Bàbá ni Bàbá. “Ìyá Àjàní” pàápàá kò ṣeé pè lẹ́nu Àtọ́kẹ́, nítorí pé orúkọ ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí ṣe lọ. Àwọn ìyàwó ń wá jábọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Felicia ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ, orúkọ kan, alárùn kan. Àwọn àgbà tí kò lórúkọ tó ṣeé pè, àwọn ìyàwó kúkú fò wọ́n. Felicia fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyàwó ilé n'Ìkìrun, kò sì wá sí i lọ́kàn láé láti ní kí obìnrin kan pe ará ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ níwájú òun. Àfojúdi gbáà nìyẹn. Nígbà tí ọdún fi yí po, agboolé Alágbẹ̀dẹ ti di ibi tí sòbìà pọ̀ sí jù ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, alárùn mọ́kàndínlógún nínú agboolé kan. Ó ya àwọn ará Ìbàdàn lẹ́nu. Wọ́n ní kí ẹnì kan lọ yẹ gbogbo ẹgbẹ́ náà wò, kó wá sọ ẹ̀ka tó yẹ kó máa bá iṣẹ́ lọ àti èyí tó yẹ kí wọ́n tú ká.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí ni wọ́n rán, nínú ọyẹ́ oṣù kìíní. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bínú. Ìkìrun ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó rí i pé àwọn tíṣà ibẹ̀ ń kọ nǹkan sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ilé etí títì nìkan ni wọ́n ń dé, nítorí pé wọn ò fẹ́ kí bàtà wọn dọ̀tí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọjá sí Òkukù. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ alárùn kọ̀ọ̀kan àti oko rẹ̀, àmọ́ wọn ò ka obìnrin kankan mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé kí àwọn máa wo ẹsẹ̀ ìyàwó oníyàwó. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa padà sẹ́yìn dé Inísà, kò retí ohun tó dára, kò sì retí èyí tí kò dára.

Wọ́n pé jọ sójúde agboolé. Bàbá Jọláyẹmí, olórí ilé, ní kí wọ́n gbé àga fún àlejò, Bàbá fúnra wọn sì jókòó sórí tiwọn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àpótí, wọ́n fi etí aṣọ bò ó. Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí kí ilé, ó kí oko, ó ní kò sí ohun méjì tí òun bá wá ju pé kí òun fi ojú òun rí àwọn tí sòbìà ń bá jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.

Ó pe Akọ́wé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pe Ìbàdíàrán, àwọn èèyàn wo ojú ara wọn. Dàmọ́lá wà níbẹ̀, àkísà wà lójú egbò rẹ̀, ó sì gbọ́ Akọ́wé, ó gbọ́ Adúmáadán, ó gbọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnu ìyàwó ni. Ọkùnrin àjèjì tó wọ ṣòkòtò gígùn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi pe èèyàn, ọmọ náà sì ti dàgbà tó láti mọ ìwọ̀sí. Ìbàdíàrán ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tó ń múra àtilọ sílé ọkọ, ó sì ń wo òrùlé bí ẹni pé ó fẹ́ tún un kàn. Ọkùnrin náà pe mọ́kàndínlógún tán, ẹnì kan ò jẹ́ hùn.

Ó wá bi Bàbá Jọláyẹmí bóyá wọ́n mọ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Owó orí ni Bàbá rántí. Ọkùnrin láti Ìbàdàn tó bá ń ka orúkọ ará ilé, wọn ò rí i kó parí sí ire rí. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sí akọ́wé nílé àwọn, àgbẹ̀ àti káfíńtà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé sòbìà ò dé agboolé Alágbẹ̀dẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó.

Felicia bo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ba Àtọ́kẹ́. Wọ́n máa pè wọ́n ní onírọ́, ìyẹn ò tiẹ̀ dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Kànga ló ń dùn ún.

Àmọ́ ọlọ́pọlọ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí. Ó wo àwọn ìyàwó mẹ́ta tó dorí kodò, ó sì wo ọmọ tó so àkísà mẹ́sẹ̀. Ó ní ìyá òun náà pe àbúrò bàbá òun ní Ajíṣefínní títí ọkùnrin náà fi kú, àṣà tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni pé kí òun rí èèyàn kan fún orúkọ kan. Kí àwọn ìyàwó dákun sọ ẹni tí kálukú jẹ́ gan-an.

Wọn ò lè pè wọ́n, wọ́n ní àwọn lè júwe. Jọkẹ́ ní Adúmáadán ni èyí tó máa ń bá ọkọ òun ru irinṣẹ́. Àjàní, tó fara ti ògiri, ní Dàmọ́lá nìyẹn. Àtọ́kẹ́ ní Akọ́wé ni èyí tó ń bá gbogbo ilé ka lẹ́tà. Àjàní ní Dàmọ́lá nìyẹn. Àyìnkẹ́ kàn fi ètè júwe ibi tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà, gbogbo èèyàn yíjú síbẹ̀, Dàmọ́lá ló jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń júwe ni iye ń wálẹ̀. Ìbàdíàrán àti Ìdílẹ̀kẹ̀ di ẹnì kan, Ẹyinfúnjowó náà sì tún di òun kan náà. Àtọ́kẹ́ rí ibi tó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ó ń júwe díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò sí bó ṣe lè júwe èèyàn kan kó di méjì. Nígbà tí wọ́n parí, mọ́kàndínlógún ti di méje.

“Méje ni mo rí,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí wí. “Mẹ́wàá ni wọ́n ní kí n rí. Tí mi ò bá rí ẹlòmíràn, ohun tí màá kọ ni pé ìwádìí ibí yìí ò ṣeé gbọ́kàn lé, kí wọ́n gbé kànga lọ síbòmíràn. Ǹjẹ́ ó ku ẹnì kankan?”

Bàbá Jọláyẹmí ní kò ku ẹnì kankan. Àjàní ń wo ilẹ̀.

Ó ku, Àtọ́kẹ́ sì mọ̀ pé ó ku. Láràárọ̀ ló ń gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wọ yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ láti fọ egbò. Ìyá Ìjọ ni Ìyá nínú ìjọ Aládùúrà. Ní ìkórè èṣí, wọ́n dìde láàárín ìjọ, wọ́n ní àrùn ọ̀bùn ni sòbìà, àwọn tí kì í sẹ́ omi tí kì í sì í gbàdúrà ló ń mú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí tiwọn yọ lójúgun. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Kò sẹ́ni tó tó bá wọn jiyàn, àwọn ọmọ wọn sì ti búra pé àwọn ò ní sọ ohun tó yàtọ̀ síta. Wọn ò ní kí Àtọ́kẹ́ búra. Kò sẹ́ni tó rò pé ìyàwó lè sọ ọ́.

“Ó ku Ìyá, sà,” ni Àtọ́kẹ́ wí.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí ní Ìyá wo. Obìnrin àgbà mẹ́rin ló jókòó síwájú rẹ̀, Ìyá ni gbogbo wọn ń jẹ́, gbogbo wọn ló sì tẹjú mọ́ Àtọ́kẹ́.

“Ìyá tó wà nínú yàrá.”

“Kí lorúkọ wọn?”

Àtọ́kẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Àjàní ò gbójú sókè. Ìyàwó tó bá pe ìyá ọkọ lórúkọ, tó sì tún tú àṣírí wọn mọ́ ọn, ilé baba rẹ̀ ni yóò lọ, Eko Ende sì ni ilé baba Àtọ́kẹ́, kò jìnnà rárá, wọ́n lè lé e débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Baba rẹ̀ náà ò ní dá a láre. Ó mọ gbogbo èyí. Lẹ́nu ọ̀nà, Ẹ̀bùn gbé kọ́ọ̀bù omi sẹ́nu, ó ń mu ún lámutẹ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

“Ọmọ́dára,” ni Àtọ́kẹ́ wí. “Ọmọ́dára Àbẹ̀ní ni wọ́n ń jẹ́, sà. Sòbìà ló ń ṣe wọ́n.”

Jọkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí, tó yẹ kó máa kọ ọ́, ò kọ ọ́.

Láti inú yàrá, ohùn kan ní, “Ta ló ń pè mí?”

Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ síbi tó wà. “Èmi ni, Ìyá.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìyá tó jáde. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń tilẹ̀. Wọn ò wo Àtọ́kẹ́. Wọ́n jókòó sórí àga tí Àjàní sáré gbé sílẹ̀ fún wọn, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n tú aṣọ tó wà lójúgun wọn, kòkòrò náà sì wà níbẹ̀, tín-ín-rín, funfun, wọ́n ká a mọ́ igi ìṣáná.

“Sòbìà ni,” ni Ìyá wí fún ọkùnrin náà. “Kì í ṣe làkúrègbé. Kọ ọ́ síbẹ̀.”

Ó kọ ọ́. Nígbà tí Bàbá Jọláyẹmí rí i pé obìnrin ti gbé ẹsẹ̀ síta, àwọn náà ṣí etí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n kọ Jọláyẹmí náà. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rán wọn létí. Méjì nínú àwọn ìyá mẹ́rin náà tún sún síwájú, kálukú pe orúkọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú oríkì. Méje di mọ́kànlá.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlásúnkànmí dúpẹ́. Ó kọ ọ́ nínú àbọ̀ rẹ̀ pé ẹ̀ka Inísà ń ka ọmọdé lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kì í sì í ka àgbà rárá, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní kí wọ́n fi ọmọbìnrin ilé kan kún àwọn ìyàwó, ẹni tó lè máa pe orúkọ. Lọ́dún kejì, wọ́n gbẹ́ kànga náà sí ìta agboolé Alágbẹ̀dẹ, ó ń pariwo tí wọ́n bá ń fà á, omi rẹ̀ sì mọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí. Lọ́jọ́ náà, mọ́tò Ìbàdàn lọ, Felicia bá a lọ, Àtọ́kẹ́ sì kù lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo agboolé ń retí ohun tí Ìyá máa ṣe fún un.

Ìyá ní kí kálukú wá nǹkan ṣe. Àwọn èèyàn túká díẹ̀, wọn ò lọ jìnnà. Ìyá na ẹsẹ̀ wọn jáde, Àtọ́kẹ́ sì rọra wọ́ sún mọ́ wọn láti tún aṣọ náà dì, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò sì mọ ohun mìíràn tí òun lè fi ọwọ́ òun ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

“Dákẹ́,” ni Ìyá wí. “Mo ti ń sùn lọ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo rò pé ìyá mi ni.”

Àtọ́kẹ́ ń di aṣọ náà lọ.

“Gbogbo àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kù, òun náà sì kú lọ́dún tí wọ́n gbé ọ wọlé yìí. Láti ìgbà náà, Ìyá ni mò ń jẹ́.” Wọ́n wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà nítòsí. “Tún un pè.”

Àtọ́kẹ́ ní òun ò lè pè é, kí Ìyá má bínú. Ìyá ò bínú. Wọ́n ṣáà dúró, wọ́n ń wò ó lójú, Àtọ́kẹ́ sì rí i pé wọ́n ń bẹ òun ni.

Ó rọra pè é, kó má baà dé etí ẹlòmíràn. Ìyá sì dá a lóhùn.